Inú Ọkọ̀ Ni Ènìyàn Ń Jókòó Sí

Ẹni tí ó bá dúró ní oríta Ìtamaga ní ìdájí, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, yóò rí bí àwọn ọkọ̀ ti ń tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ. Àwọn tí ó ti Ìjẹ̀dẹ̀ bọ̀ ń bá àwọn tí ó ti Ìmọ̀ta àti Ìtóìkín bọ̀ du ọ̀nà, gbogbo wọn sì kọ ojú sí Ìkòròdú, kí wọn lè ti ibẹ̀ bọ́ sí títì Máìlì 12 kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó di ọ̀nà pa. Dánfó wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá wà níbẹ̀, ọ̀kadà náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n láàárín wọn irú ọkọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn ń pè ní jíìpù kékeré. Kò ga tó jíìpù ńlá tí àwọn olóṣèlú ń gùn, kò sì rẹlẹ̀ bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ikùn rẹ̀ máa ń họ ilẹ̀ níbi tí ọ̀dà bá ti ṣí kúrò lójú títì. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní òpópónà tí a kò tíì da ọ̀dà sí mọ ìdí tí a fi fẹ́ràn rẹ̀.

Orúkọ náà ti pẹ́ ju ọkọ̀ náà lọ. Ní ọdún 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọkọ̀ kékeré kan tí gbogbo táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, wọ́n sì ń pè é ní jíìpù. Ní 1948 àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé Land Rover jáde, èyí tí àwọn òyìnbó ìjọba gùn wọ ìgbèríko kiri. Inú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò ní ẹwà kankan. Irin ni ilẹ̀ wọn, àga wọn le bí pákó, bí ẹrẹ̀ bá sì wọ inú wọn, omi ni a ó dà sí i títí yóò fi mọ́. Ìgbà tí ó di 1994 ni Toyota gbé RAV4 jáde ní ilẹ̀ Japan, Honda sì tẹ̀lé e pẹ̀lú CR-V ní 1995. Jíìpù ni àwọn wọ̀nyí ní ojú, ṣùgbọ́n bí a ti ń kan ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni a kan wọ́n. Nínú CR-V ti àkọ́kọ́ náà, pákó tí ó bo ilẹ̀ búùtù ṣeé yọ jáde. Ó ní ẹsẹ̀ tí a lè ṣí, yóò sì di tábìlì ìjẹun lábẹ́ igi. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ń ta ọkọ̀ ti kọ́ bí a ti ń gbé ẹnu kúrò lára ẹ́ńjìnì, tí a sì ń gbé e ka inú ọkọ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tà á náà yẹ kí ènìyàn mọ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni, ẹ́ńjìnì kan náà ni ó sábà máa ń ní, ara kan náà sì ni. Ṣùgbọ́n wọn óò pín in sí ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n kó sí inú rẹ̀. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ní àga aláṣọ àti ìwọ̀nba nǹkan. Èyí tí ó wà lókè ní àga aláwọ, òrùlé onígíláàsì, àti ojú ẹ̀rọ tí ó fẹ̀ bí àwo. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà tí Henry Ford ń ta ọkọ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn, tí ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kùn ún ní dúdú nìkan, Alfred Sloan, tí ó di ààrẹ General Motors ní 1923, rí i pé ènìyàn a máa fẹ́ fi ọkọ̀ rẹ̀ hàn pé òun ju aládùúgbò òun lọ. Ó ṣètò ọkọ̀ fún olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí àpò rẹ̀ ti wúwo tó, owó sì ń wọlé fún un.

Àwa náà ti rí irú rẹ̀ nílé. Nígbà tí Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná ní 1975, létà tí ó wà lẹ́yìn 504 ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ máa ń wò: bóyá GL ni, bóyá GR ni, tàbí SR. Kí ẹni tí ń ka ìwé yìí bi bàbá rẹ̀ àgbà léèrè, yóò sọ fún un bí ojú ẹni tí ó ní SR ti máa ń rí lọ́jọ́ ìnáwó. Létà pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lára ọkọ̀ òde òní, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìtumọ̀ kan pàtó, nítorí pé létà tí ó jẹ́ ti ọlọ́lá lára ọkọ̀ kan lè jẹ́ ti mẹ̀kúnnù lára òmíràn. Ohun tí ó wà nínú ọkọ̀ ni kí a kà.

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé a kì í ta àwọn nǹkan náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí aláta tí ó sọ pé òun kò ní ta tàtàṣé fún ènìyàn àfi bí ó bá ra àlùbọ́sà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó fẹ́ kámẹ́rà tí ń wo ẹ̀yìn lè ní láti sanwó àga aláwọ, ẹni tí ó fẹ́ àpò afẹ́fẹ́ tí ń gba ẹ̀gbẹ́ orí là sì lè ní láti sanwó òrùlé onígíláàsì.

Tọkọtaya kan ní Ìtamaga kó sí ìṣòro yìí. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá, ìyàwó jẹ́ aránṣọ. Wọ́n bí ìbejì, wọ́n sì bí ọmọ kan tẹ̀lé wọn. Ìyá ọkọ náà ń gbé pẹ̀lú wọn. Orúnkún màmá yìí kò dára mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, láti wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó rẹlẹ̀ jẹ́ ìyà fún un, láti jáde kúrò nínú rẹ̀ sì burú ju wíwọ̀ lọ. Dánfó kò ṣeé dá lábàá. Nítorí náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó pamọ́ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọn lè ra jíìpù kékeré tuntun, èyí tí ẹnìkan kò tíì lò rí.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, dọ́là kan kò tíì tó ₦500. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ sọ iye rẹ̀, kí ó sì tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2024 dọ́là kan ti kọjá ₦1,500. Owó tí wọ́n rò pé yóò ra èyí tí ó wà lókè pátápátá, agbára káká ni yóò fi ra èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Wọ́n tún fi ọdún kan kún un, wọ́n yá díẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Gbogbo bọ́tìnnì tí ó wà nínú ọkọ̀ náà wá di ohun tí a níláti wọ̀n lórí òṣùwọ̀n.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìtajà ọkọ̀ kan ní Ìkẹjà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tà á kí wọn dáadáa, ó sì mú Bàbá Ìbejì lọ tààrà sídìí èyí tí ó gbówó lórí jù lọ. Ó ní kí ó jókòó síwájú, ó tan ojú ẹ̀rọ, ó ṣí òrùlé, iná aláwọ̀ mèremère sì tàn yípo ilẹ̀kùn. Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyá Ìbejì kò bá wọn lọ síwájú. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn èyí tí ó wà nísàlẹ̀, ó wọlé, ó sì jókòó sí àárín gbùngbùn àga.

Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀wọ́ wá. Bẹ́líìtì ti àárín yìí, ṣé inú nìkan ni ó ń dì ni? Kò kọjá léjìká?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Nínú ti òkè ni ó ti ń kọjá léjìká."

"Níbi tí mo jókòó sí yìí ni ọmọ mi kékeré yóò máa jókòó. Ibi ìgbórílé náà kò sí."

Obìnrin yìí bá ìdí ọ̀rọ̀. Ní 1959 ni Nils Bohlin, ọmọ Sweden tí ń ṣiṣẹ́ fún Volvo, ṣe bẹ́líìtì tí ó gba orí àyà àti itan kọjá papọ̀, ilé-iṣẹ́ náà sì gba gbogbo àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ láyè láti lò ó. Bẹ́líìtì tí ó di inú nìkan kò lè dá orí àti àyà dúró bí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Ó sì lè pa ikùn ọmọdé lára. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń gba ọkọ̀ lọ́wọ́ yíyọ̀ rí. Nígbà tí awakọ̀ bá yà lójijì lórí títì tí òjò ti rọ̀ sí, ẹ̀rọ yìí yóò fa bíréèkì táyà kan tàbí òmíràn fúnra rẹ̀ kí ọkọ̀ má baà fi ẹ̀gbẹ́ lọ. Ní Amẹ́ríkà, ó di dandan lára gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun láti ìdí ọkọ̀ ọdún 2012. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ní 2014. Kámẹ́rà ẹ̀yìn pẹ̀lú di òfin ní Amẹ́ríkà ní oṣù Karùn-ún 2018, nítorí àwọn ọmọ kéékèèké tí ọkọ̀ ń fi ẹ̀yìn gùn ní iwájú ilé àwọn òbí wọn. Ohun tí a kò gbà kí ẹnikẹ́ni tà ọkọ̀ láìsí i ní òkè òkun, inú àpò ọ̀ṣọ́ ni a ti ń bá a nígbà mìíràn ní ọjà tiwa, láàárín iná mèremère àti àga aláwọ. Kò dára bẹ́ẹ̀.

Àga aláwọ ni Bàbá Ìbejì fẹ́ràn jù lọ. Òtítọ́ ni pé ó rọrùn láti nù bí ọmọdé bá da mílíìkì sí i. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ jíìpù kékeré, kì í ṣe awọ ẹran. Awọ àtọwọ́dá ni, ọmọ ìyá rọ́bà. Ọkọ̀ tí a gbé sínú oòrùn pẹ̀lú fèrèsé títì, ooru inú rẹ̀ lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 18 ju ti ìta lọ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tí ó ti fi itan lé irú àga bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán oṣù Kẹta kò nílò olùkọ́. Aṣọ kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, òógùn a sì máa gbẹ lára rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń mu erùpẹ̀ àti ọbẹ̀. Ìyá Ìbejì ní òun aránṣọ ni, pé kò sí ohun tí ó le nínú rírán ẹ̀wù fún àga, tí a ó máa bọ́ lọ́jọ́ Sátidé fọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ní èsì.

Òrùlé onígíláàsì ni ọ̀rọ̀ tí ó mú ẹ̀rín wá. Ìlò rẹ̀ wà ní ìlú tí oòrùn ti ṣọ̀wọ́n. Wọ́n ń ṣí i kí oòrùn lè wọlé. Ní Ìkòròdú, tani ń wá oòrùn kiri? Yàtọ̀ sí èyí, férémù rẹ̀ àti aṣọ tí ń bò ó máa ń jẹ díẹ̀ nínú gíga inú ọkọ̀. Ìyá Ìbejì ti gèlè bọ̀ wá láti òde ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ onígíláàsì náà, gèlè fara kan òrùlé, ó sì tẹ̀. Nínú ti ìsàlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwàdà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ iye òde tí ìdílé kan ń lọ láàárín ọdún yóò mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà rárá. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ní ojú ọ̀nà tín-ín-rín tí omi òjò ń gbà ṣàn sílẹ̀. Bí erùpẹ̀ àti ewé bá dí i, inú ọkọ̀ ni omi yóò yà sí, òjò wa kì í sì í ṣe ìrì.

Nípa ojú ẹ̀rọ, bí ó ti ń fẹ̀ ni bọ́tìnnì ń dínkù. Awakọ̀ tí ó fẹ́ dín afẹ́fẹ́ tútù kù níláti gbé ojú kúrò lójú títì, kí ó wá àwòrán kékeré kan, kí ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọkọ̀ ń fò nínú kòtò. Bọ́tìnnì tí a lè fi ọwọ́ wá láìwò ó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn òyìnbó náà ti ń ronú pìwà dà: láti oṣù Kínní ọdún 2026, ẹgbẹ́ Euro NCAP tí ń dán ààbò ọkọ̀ wò ní Yúróòpù kò fẹ́ kí ọkọ̀ rí máàkì kíkún gbà mọ́ bí kò bá ní bọ́tìnnì tàbí ọ̀pá gidi fún fèrè, fún iná ìyànà, fún ohun tí ń nu gíláàsì àti irú wọn. Iná mèremère, ibi tí a ti ń fún fóònù ní iná láìlo wáyà, ohùn orin tí ń jáde láti ihò mẹ́wàá: kí ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ rà wọ́n.

Títí dé ibí yìí, ó dà bí ẹni pé ìyàwó ti borí. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì kì í ṣe ọmọdé. Ó mú ìwé tí a to àwọn ìpele náà sí, ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìyá Ìbejì, gbọ́ mi ná. Àpò afẹ́fẹ́ méjì ni ó wà nínú ti ìsàlẹ̀ yìí, iwájú sì ni méjèèjì wà. Èmi àti ìwọ nìkan ni ó wà fún. Nínú ti òkè, mẹ́fà ni, àwọn tí ń bò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn sì wà níbẹ̀. Màmá àti àwọn ọmọ ń kọ́?"

"Bàbá Ìbejì, mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí ó fi ju ara wọn lọ. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni, ti ọdún kan gbáko. Ṣé gíláàsì orí yẹn ni a ó fi owó ilé-ìwé rà?"

"Kì í ṣe gíláàsì ni mo ń rà."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n gíláàsì náà ni wọ́n óò gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín."

Àwọn méjèèjì ni ó jàre, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti nira. Ẹni tí ó bá ní kí a máa ra èyí tí ó rọjú jù nígbà gbogbo kò tíì ronú dé orí ọmọ tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹni tí ó bá sì ní èyí tí ó wọ́n jù ni ó dára jù kò tíì ka ohun tí ó ń sanwó rẹ̀. Wọn kò rà á lọ́jọ́ náà. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, wọ́n sì wọkọ̀ padà sílé, ẹnìkan kò sì bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ púpọ̀ títí wọ́n fi kọjá Májìdùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wá kiri. Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì, irú èyí tí ó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Kò kọ orúkọ ìpele kankan sí i. Orúkọ àwọn tí yóò jókòó nínú ọkọ̀ ni ó kọ, ó sì kọ ohun tí olúkúlùkù nílò sí iwájú rẹ̀. Nínú jíìpù kékeré ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọ́n rí ìpele àárín kan tí ó ní àpò afẹ́fẹ́ mẹ́fà, bẹ́líìtì ìkọjá-èjìká fún àwọn mẹ́ta tí ń jókòó sẹ́yìn, àti ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀. Aṣọ ni àga rẹ̀, irin ni òrùlé rẹ̀, bọ́tìnnì sì pọ̀ nínú rẹ̀. Kò pé, nítorí kò sí ihò afẹ́fẹ́ tútù kankan fún àwọn tí ó jókòó sẹ́yìn, táyà ìfipamọ́ tí ó sì wà nínú búùtù rẹ̀ jẹ́ èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tí a kò gbọdọ̀ fi sáré, tí a kò sì lè gbà gbọ́ lójú ọ̀nà Ìtóìkín ní alẹ́. Bàbá Ìbejì wọn ihò tí táyà náà wà nínú búùtù. Táyà gidi lè wọ ibẹ̀, wọ́n sì gbà láti rà á lọ́tọ̀. Ti afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ni kò ní oògùn. Wọ́n pinnu pé ìdájí ni wọn óò máa gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí wọ́n tó san kọ́bọ̀, wọ́n gbé Màmá fúnra rẹ̀ lọ wò ó. Ìyá arúgbó náà kò wo ojú ẹ̀rọ, kò sì bèèrè orúkọ ọkọ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fi ìdí ti àga, ó rí i pé àga kò ga jù kò sì rẹlẹ̀ jù, ó wá gbé ọwọ́ sókè, ó ń wá nǹkan lórí ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Ọmọ mi, níbo ni ọwọ́ yóò dì mú?"

Wọ́n fi hàn án. Ó dì í mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó gbé èkejì, ó sì jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tì í lẹ́yìn. Ó ní, "Ìyàwó mi, ẹ ṣeun." Lẹ́yìn èyí ni Bàbá Ìbejì lọ kọ ìwé owó.

Ẹni tí ń tà á bèèrè pé inú ọkọ̀ aláwọ̀ wo ni wọ́n fẹ́, nítorí pé ọ̀kan funfun bí ẹyin, èkejì sì dúdú bí èédú. Bàbá Ìbejì ní funfun náà dára lójú. Ìyá Ìbejì ronú kan erùpẹ̀ pupa tí ó wà láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn dé títì, ó wo bàtà àwọn ìbejì, ó sì ní kí wọ́n mú dúdú wá.